Ta Ni Kó Máa Lọ?

Kò sí ọjà kan ní Alímọ̀ṣọ́ tí èèyàn máa dé tí kò ní rí báàgì náà. Ó wà ní Ìkòtún, ó wà ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó wà ní Ìgándò: báàgì ọ̀rá ńlá tó ní àwọ̀ pupa, búlúù àti funfun, tí gbogbo wa ń pè ní Ghana Must Go. Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún 2000 mọ orúkọ yẹn dáadáa. Àmọ́ ẹ bi í pé ta ni Ghana tí wọ́n ní kó máa lọ yìí, kí ló sì ṣe, ẹ ó rí i pé á kàn rẹ́rìn-ín ni.

Orúkọ báàgì yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ìdájọ́ ni. Ìjọba kan wo ìlú, ó rí i pé nǹkan ò lọ déédéé mọ́, ó wá ní àjèjì tí kò níwèé ló fà á. Kí àjèjì máa lọ, kí ìlú lè rójú. Ọ̀rọ̀ yìí ò sì tíì kúrò nílẹ̀ títí dòní. Ẹ dé ìpàdé àwọn onílé, ẹ dé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ẹ ṣí WhatsApp àdúgbò yín lọ́jọ́ tí wọ́n bá fọ́ ilé kan, ẹ máa gbọ́ ọ: "Àwọn tó ń ti ẹ̀yìn bọ́dà wọlé yìí náà ni."

Ìbéèrè méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má sì jẹ́ ká pò wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́: bí ìlú bá lé ogunlọ́gọ̀ èèyàn jáde torí pé wọn ò níwèé, ṣé ààbò máa ń tẹ̀lé e lóòótọ́? Èkejì: ká tiẹ̀ ní ó ń tẹ̀lé e, ṣé ó tọ́? A máa fi ìtàn dáhùn àkọ́kọ́. Ìkejì, ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ọkàn ni.

Àwa Yorùbá wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀pá yìí nà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Abrefa Busia ní Gánà, tí kò tíì pẹ́ tó wọlé ìbò, pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọjọ́ 14, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ṣakí àti Ìgbòho ti ń ṣòwò ní Kumasi, ní Tamale, ní Accra, láti ìgbà tí àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣàkóso ibẹ̀ àti ibí. Wọ́n kọ́lé síbẹ̀. Wọ́n bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ ọ̀hún sì ń sọ Twi bí ẹni mumi. Àwọn ará Gánà ń pè wọ́n ní Alata, tó fi jẹ́ pé títí dòní, alata samina ni wọ́n ń pe ọṣẹ dúdú níbẹ̀.

Kí ni wọ́n fi kàn wọ́n? Pé wọ́n gba ọjà mọ́ ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́. Pé wọ́n ń ṣe fàyàwọ́. Pé àwọn ọ̀daràn pọ̀ láàárín wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tó ti lo ọgbọ̀n ọdún ta ọjà rẹ̀ ní ọ̀pọ̀, ó fi gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́ sílẹ̀, ó kó ìyàwó àtọmọ sínú lọ́rí, ó forí lé ìlú tí àwọn ọmọ rẹ̀ ò dé rí. Títí di bí a ṣe ń wí yìí, ẹ ṣì lè rí àgbàlagbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń pè ní ọmọ Gánà.

Ẹ wo nǹkan kan dáadáa níbẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn yìí wọ Gánà, kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní ìwé kankan, torí ọba kan náà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló ni Accra, òun ló ni Èkó. Wọn ò fò odi. Wọn ò purọ́ fún aṣọ́bodè. Ibi tí wọ́n jókòó sí ni òfin ti wá bá wọn, tó ní wọ́n ti di arúfin. Ìwà wọn kò yí padà. Òfin ló yí padà lórí wọn. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá sọ fún wa pé "arúfin ni wọ́n, kí ló tún kù?", ó yẹ ká bi í pé: kí ni ọwọ́ wọn ṣe? Àìníwèé máa ń sọ bí ìjọba ṣe wo èèyàn. Kì í sọ ohun tí èèyàn ọ̀hún ṣe fún ọmọnìkejì rẹ̀.

Ọ̀pá tí wọ́n fi na ìyálé, ajá ló ń wà fún ìyàwó. Kò tó ọdún 15 tí ọ̀pá yẹn fi bọ́ sí ọwọ́ tiwa.

Láàárín ọdún 1970 sí 1980, epo rọ̀bì sọ Nàìjíríà di ọlọ́rọ̀. À ń kọ́lé, à ń la títì, à ń ṣí ilé ìwé, àwọn tó máa ṣiṣẹ́ ò sì tó. Èkó ni wọ́n ti tọwọ́ bọ ìwé tó dá ECOWAS sílẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975. Ní 1979, wọ́n tún ṣàdéhùn ní Dakar pé ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kó sì lo ọjọ́ 90. Àwọn ará Gánà wá, torí ọrọ̀ ajé tiwọn ti ń dẹnu kọlẹ̀ nígbà náà. Wọ́n ṣe bíríkìlà, wọ́n ṣe télọ̀, wọ́n ṣe tíṣà. Ẹ bi àwọn òbí yín tó lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì nígbà náà, púpọ̀ nínú wọn á rántí tíṣà ọmọ Gánà kan tó kọ́ wọn ní ìṣirò. Ọjọ́ 90 ń pé, kò sẹ́ni tó ń kà á. Àwa la nílò wọn.

Ìgbà tí owó epo já wálẹ̀ láti ọdún 1981 ni ojú wa wá là pé wọn ò níwèé. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1983, Alhaji Ali Baba, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé fún ìjọba Shehu Shagari, kéde pé kí gbogbo àjèjì tí kò níwèé kúrò láàárín ọjọ́ 14. Wọ́n fojú bù ú pé bíi mílíọ̀nù 2 èèyàn ló kàn, tí nǹkan bí ìdajì wọn jẹ́ ọmọ Gánà. Ìjọba Gánà sì ti ti ẹnubodè rẹ̀ pẹ̀lú Tógò láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1982. Ni Tógò àti Benin náà bá tilẹ̀kùn, kí èrò má bàa há sọ́wọ́ wọn. Ogunlọ́gọ̀ wá dúró sójú ọ̀nà Ṣẹ̀mẹ̀, wọ́n sùn sí etíkun ní Èkó, ẹrù wọn wà nínú báàgì ọ̀rá tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ 29 oṣù náà ni Jerry Rawlings tó ṣílẹ̀kùn fún àwọn èèyàn rẹ̀. Àwọn kan ti kú sọ́nà kó tó dìgbà yẹn.

Ó yẹ ká sọ ohun tí ìjọba wí, ká má bu ún kù. Lára ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ ni ààbò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1980, ọ̀tẹ̀ Maitatsine ti ṣẹlẹ̀ ní Kano, àwọn tó kú lé ní 4,000. Olórí ọ̀tẹ̀ náà, Muhammadu Marwa, ọmọ Kamẹrúùnù ni. Ní 1982, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Maiduguri àti Kaduna. Olè ń jà ní Èkó. Ẹni tó bá ní kò sí ewu kankan nígbà náà ń tan ara rẹ̀ jẹ ni.

Ó dáa. Wọ́n ti lọ. Ṣé ààbò dé?

Ní 1984, ọ̀tẹ̀ Maitatsine tún bẹ́ sílẹ̀ ní Jimeta, lẹ́bàá Yola. Ní 1985, ó tún bẹ́ sílẹ̀ ní Gombe. Ní 1985 yẹn kan náà, ìjọba ológun Muhammadu Buhari tún lé àjèjì lẹ́ẹ̀kejì, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 700 èèyàn. Ìyẹn nìkan tó láti dá wa lóhùn: ìjọba kì í tún oògùn lò lẹ́yìn ọdún méjì bí oògùn bá ti ṣiṣẹ́. Nígbà tó di 1986, tí wọ́n ti lé àjèjì lẹ́ẹ̀mejì, ìlú Benin ò lè sùn mọ́ nítorí Lawrence Anini. Anini ò ti ẹnubodè kankan wọlé. Ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n sì mú un, àṣírí tú pé ọ̀gá ọlọ́pàá kan, George Iyamu, ló ń ràn án lọ́wọ́. Wọ́n jọ dá wọn lẹ́bi, wọ́n sì jọ yìnbọn pa wọ́n ní 1987. Kó tó dìgbà yẹn, Ishola Oyenusi tí wọ́n yìnbọn pa ní Bar Beach ní 1971, ọmọ wa ni. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Gánà ńkọ́? Àwọn tí wọ́n lé ní 1969 lọ tán, ọrọ̀ ajé ò gbérí. Nígbà tó di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 1972, ológun ti gbàjọba lọ́wọ́ Busia. Shagari tó lé àwọn ará Gánà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1983, ọjọ́ tó parí ọdún yẹn gan-an ni ológun gbàjọba lọ́wọ́ òun náà. A ò sọ pé lílé àjèjì ló gbé wọn ṣubú. Ohun tí à ń sọ ni pé àìsàn tó ń ṣe ìlú wà níbòmíràn, oògùn tí wọ́n lò ò sì débẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwọn olóṣèlú ò jáwọ́? Ẹ̀yin náà ẹ wo àsìkò tí ọ̀rọ̀ yìí máa ń jáde. Busia ṣẹ̀ṣẹ̀ dórí oyè ni, ó sì ti ṣèlérí púpọ̀ fáwọn olùdìbò. Ti Shagari, ìbò oṣù Kẹjọ ọdún 1983 ló ń bọ̀ níwájú, owó sì ti tán lápò ìjọba. Àìrówó ò ní ojú tí a lè nàka sí. Àìríṣẹ́ ò ní ilé tí a lè lọ ká a mọ́. Àjèjì lójú, ó nílé, ẹnu rẹ̀ tún ń tàsé nínú èdè wa. Èyí tó tiẹ̀ wá dùn mọ́ olóṣèlú jù ni pé àjèjì ò ní káàdì ìdìbò. Kò sí ẹ̀sùn tó rọrùn bí ẹ̀sùn tí ẹni tí a fi kàn kò lè fi ìbò dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká wá mú un wá sílé, sí Alímọ̀ṣọ́ níbí. Nínú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ tó wà l'Ékòó, kò sí èyí tí èrò rẹ̀ pọ̀ tó tiwa. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 1.2. Ta ni onílẹ̀ níbẹ̀, ta ni àjèjì? Ẹni tó ń lẹ táìlì nílé tuntun l'Áyọ̀bọ̀, ó lè jẹ́ ọmọ Tógò. Ọmọge tó ń bá ìyá olóúnjẹ ṣiṣẹ́, ó lè jẹ́ láti Kútọnu ló ti wá. Ẹni tó ń ti ọmọlanke omi kiri, ẹni tó ń ṣọ́ géètì, ó lè jẹ́ láti Niger. Bí wàhálà bá ṣẹlẹ̀, ojú àwọn wọ̀nyí là ń kọ́kọ́ wò.

Àmọ́ ẹ rántí oṣù Kẹrin ọdún 2020, nígbà tí ìjọba ní ká jókòó sílé nítorí Kòrónà. Òru ń di ọ̀sán ní Alímọ̀ṣọ́ àti Agége nígbà yẹn. Àwọn ọkùnrin dáná sun táyà sójú títì, wọ́n mú igi àti àdá, wọ́n ń ṣọ́ àdúgbò di àfẹ̀mọ́jú. Ta ni wọ́n ń sá fún? Àwọn ọmọ Àwàwà àti One Million Boys. Àwọn yẹn ò gba ẹnubodè kankan kọjá. Àdúgbò wa ni wọ́n ti dàgbà, èdè wa ni wọ́n ń sọ, àwọn ìyá wọn ń tajà lọ́jà wa.

Ẹ tún wo òdìkejì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn àjèjì ń rọ́ wá sí Ìkòtún-Ẹ̀gbẹ́ nítorí ṣọ́ọ̀ṣì T. B. Joshua, Synagogue Church of All Nations. Wọ́n ń wá láti Gúúsù Áfíríkà, láti Yúróòpù, láti Éṣíà. Àwọn onílé sọ ilé wọn di òtẹ́ẹ̀lì, àwọn ìyá olóúnjẹ rí tajà, àwọn onímọ́tò rí èrò gbé. Nígbà tí ilé àlejò ṣọ́ọ̀ṣì náà wó ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, èèyàn 116 ló kú, ọmọ Gúúsù Áfíríkà sì lé ní 80 nínú wọn. Àwọn àjèjì wọ̀nyẹn pọ̀ láàárín wa tó báyẹn. Ṣé ẹ gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní Ìkòtún pè wọ́n ní ewu fún ààbò ìlú? Rárá o. Àlejò là ń pè wọ́n. Ẹni tó fi bàálù wá pẹ̀lú dọ́là, àlejò ni. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ rìn wá pẹ̀lú ọmọlanke, àjèjì ni. Èyí jẹ́ ká mọ̀ pé nígbà púpọ̀ tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìwé àti ààbò, ìṣẹ́ gan-an là ń bá wí.

Ẹnubodè ọ̀hún pàápàá, ta ló fà á? Ní 1889, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé jókòó sí Yúróòpù, wọ́n fi rúlà fàlà sórí ìwé. Kétu bọ́ sọ́dọ̀ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ti Kétu bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Kétu tó wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ lónìí nílò ìwé, bẹ́ẹ̀ ọmọ Kaduna tí kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀ kò nílò rẹ̀. A ò sọ pé kí wọ́n pa ìlà yẹn rẹ́. Ọ̀pọ̀ nǹkan ti dúró lé e lórí. À ń sọ pé ìlà tí rúlà fà kò lè sọ fún wa ẹni tó jẹ́ olè.

Ẹnì kan lè wá ní: "Ṣé kí onílé má mọ ẹni tó sùn sílé rẹ̀ ni?" Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Láti ìgbà tí Libya ti tú ká ní 2011, ìbọn ti ń rìn káàkiri aṣálẹ̀. Boko Haram ń sọdá láti Nàìjíríà sí Niger, Chad àti Kamẹrúùnù bó ṣe wù ú. Ìlú tí kò mọ ẹni tó ń wọlé tó ń jáde, ìlú tí kò ní ìlẹ̀kùn ni. A gbà. Àmọ́ mímọ ẹni tó wà nílé yàtọ̀ sí lílé ẹni tó wà nílé. Ohun tó burú ni pé èkejì máa ń ba èkíní jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí à ń jẹ ṣàlàyé. Bí a bá fẹ́ kọ ètò tó máa ta wá lólobó nígbà tí olè bá wọlé, ohun àkọ́kọ́ tí a gbọ́dọ̀ bi ara wa ni pé: àmì wo ló máa fi dá olè mọ̀? Bí àmì yẹn bá wà lára ẹgbẹ̀rún aláìṣẹ̀, agogo á máa dún tọ̀sán tòru. Kò ní pé ọ̀sẹ̀ kan tí ẹni tó ń ṣọ́ ọ á fi pa agogo náà. Lọ́jọ́ tí olè bá wá dé, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Àìníwèé, irú àmì bẹ́ẹ̀ ni. Ẹgbàágbèje aláìṣẹ̀ ló wà lára wọn. Olè gidi sì lè ṣàìní in, torí ẹni tó lówó ìbọn lówó ìwé. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Àgbádárìgì láti Ṣẹ̀mẹ̀ rí mọ iye ìgbà tí wọ́n ń dá mọ́tò dúró kó tó dé Mile 2, ó sì mọ ohun tó ń jẹ́ kí mọ́tò tún gbéra. Ìwé ni wọ́n ń bèèrè. Owó ló ń dáhùn.

Nǹkan mìíràn tún wà. Aláìníwèé máa ń mọ ohun tí onílé ò mọ̀. Òun ló ń ṣọ́ géètì lóru. Òun ló ń sùn sí ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí. Bó bá rí àwọn tó ń kó ìbọn kọjá, ta ló máa sọ fún? Bó bá dé àgọ́ ọlọ́pàá, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ tì mọ́lé. Á bá dákẹ́. Ojú tó yẹ kó máa bá wa ṣọ́nà, àwa la fi ẹ̀rù dì í. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀rù yẹn kì í mọ sọ́dọ̀ àjèjì nìkan. Ní oṣù Keje ọdún 2017, nígbà tí ẹ̀rù Badoo ń ba Ìkòròdú, àwọn èrò lu apanilẹ́rìn-ín kan àti àwọn méjì tó wà pẹ̀lú rẹ̀ pa, wọ́n dáná sun wọ́n. Ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn ò ju pé kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n ládùúgbò yẹn lọ. Ìlú tó bá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dájọ́ fún ojú tí wọn ò mọ̀, ọjọ́ kan á kan ojú tiwa náà.

A ti dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́. Ó ku ìkejì, èyí tó le jù. Ká ní lílé wọn ń dín olè jíjà kù lóòótọ́ ńkọ́? Ká ní nínú ọgọ́rùn-ún àjèjì, a rí olè márùn-ún, tí a lé gbogbo ọgọ́rùn-ún, tí olè márùn-ún ọ̀hún sì bá wọn lọ. Ṣé ó tọ́?

Ẹ jẹ́ ká gbé e lórí ìwọ̀n kan náà fún ọmọ ilé. Gbogbo ayé mọ̀ pé ọ̀dọ́kùnrin ló ń jalè jù. Bí ìjọba bá kó gbogbo ọ̀dọ́kùnrin Alímọ̀ṣọ́ kúrò l'Ékòó lọ́la, olè jíjà á dín kù lóòótọ́. Ta ló máa gbà? Kò sẹ́nì kankan. A máa pariwo pé kí wọ́n mú ẹni tó jalè, kí wọ́n fi àwọn yòókù sílẹ̀. Ìyẹn ni pé a mọ òtítọ́ yìí tẹ́lẹ̀: a kì í fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan jẹ gbogbo agboolé níyà. Tí a bá wá gbà kí wọ́n ṣe é fún àjèjì, kì í ṣe ààbò ló jẹ́ ká gbà. Ohun tó jẹ́ ká gbà ni pé àjèjì ni.

Wọ́n lè ní: "Ọmọ ilé ò ní ibòmíràn tó máa lọ, àjèjì nílé." Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi lè dá àjèjì tó jalè padà sílé rẹ̀, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ bá ti gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ẹ̀sùn rẹ̀, ẹjọ́ rẹ̀, orúkọ rẹ̀. Àmọ́ kí wọ́n fi ogunlọ́gọ̀ sínú báàgì kan náà láìgbẹ́jọ́ ẹnì kankan, Áfíríkà fúnra rẹ̀ ti ní kò tọ́. Ìwé Àdéhùn Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 1981, sọ ní ìpín kejìlá pé ó léèwọ̀ láti lé ogunlọ́gọ̀ àjèjì nítorí orílẹ̀-èdè tàbí ẹ̀yà wọn. Nàìjíríà sọ àdéhùn yẹn di òfin ilẹ̀ rẹ̀ ní 1983, ọdún tí ó lé àwọn ará Gánà gan-an. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó tún lé wọn.

Ó kan àwa ọ̀dọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ta ni nínú wa tí kò ní ẹnì kan tó ti jápa? Nínú àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Houston, ní Johannesburg, físà àwọn kan ti tán, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń fowó ránṣẹ́ sílé, wọn ò jí abẹ́rẹ́ ẹnikẹ́ni. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, nígbà tí wọ́n ń sun ṣọ́ọ̀bù àwọn àjèjì ní Johannesburg, bàálù Air Peace lọ kó àwọn èèyàn wa wálé lọ́fẹ̀ẹ́. Inú bí wa, ó sì yẹ kó bí wa. Ní oṣù Keje ọdún 2025, àwọn kan tún gbé pátákó jáde ní Accra pé kí àwọn ọmọ Nàìjíríà máa lọ, wọ́n ní ọ̀daràn ni wá. Ẹ̀sùn 1969 náà ni. Àwọ̀ pátákó ló yàtọ̀. A ò lè máa sunkún ọ̀rọ̀ yẹn ní Accra, ká tún máa sọ ọ́ ní Ìgándò.

Bí a ṣe ń wí yìí, ọ̀rọ̀ míì ti ń bọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2025, Mali, Burkina Faso àti Niger jáde kúrò ní ECOWAS. ECOWAS ní kí àwọn tó kù ṣì máa gba ìwé ìrìnnà wọn ná. Àmọ́ bí ìyẹn bá yí padà, ẹni tó ń ti ọmọlanke omi ní Ìkòtún lè jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, kó bá a pé òun ti di arúfin lórí ibùsùn rẹ̀, bíi ti bàbá oníṣòwò tó ń gbé Tamale lọ́jọ́sí. Kò ní jẹ́ pé ó ṣe nǹkan kan. Òfin ló máa yí padà lórí rẹ̀.

Nítorí náà, ìbò ń bọ̀, ọ̀rọ̀ yìí á sì tún jáde. Bí olóṣèlú kan bá dìde tó ní kí àwọn kan máa lọ kí ìlú lè rójú, ẹ bi í ní nǹkan mẹ́ta. Kí ni ọwọ́ wọn ṣe, ta sì ni nínú wọn ló ṣe é? Ta ló ń gbowó lójú ọ̀nà tó fi ráyè wọlé? Àti pé lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ tán, tí olè ò dẹ́kun, ta ló kàn? Kí ìjọba mú kí ìwé rọrùn láti gbà, kí ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ láàárín wa lè jáde wá sọ orúkọ rẹ̀ láìbẹ̀rù. Kí ọlọ́pàá wá olè nípa ohun tí olè ṣe. Kí àwa tí a wà ládùúgbò mọ orúkọ ẹni tó ń ṣọ́ géètì wa. Ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ọ́n. Abókì là ń pè é, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní ọdún márùn-ún tó ti ń ṣí géètì fún wa.